Pípààrọ̀ orúnkún Màmá: ṣé ká san owó èyí tí wọ́n á ṣe fún ẹsẹ̀ wọn nìkan, àbí èyí tí gbogbo èèyàn ń lò ti tó?

Ọmọ Ẹ̀gbá, Abẹ́òkúta

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ìyá mi ti lé ní ẹni 70 ọdún, orúnkún ọ̀tún wọn ò sì ṣeé fara dà mọ́. Ẹsẹ̀ náà ti tẹ̀ síta. Tí wọ́n bá fẹ́ dìde lórí àga, wọ́n á di etí tábìlì mú, wọ́n á mí kanlẹ̀, kí wọ́n tó gbé ìdí sókè. A ti fi Robb àti Aboniki pa á títí, wọ́n ti lo oògùn ara ríro, wọ́n ti gba abẹ́rẹ́ sínú oríkèé náà. Ó fúyẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó tún padà dé.

Dókítà méjì ló ti yẹ̀ wọ́n wò, àwọn méjèèjì sì ní kí wọ́n pààrọ̀ orúnkún ló kù. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ síra ló gbé mi wá síbí. Èyí àkọ́kọ́, ní ilé ìwòsàn aládàáni kan l'Ékòó, ní àwọn á ya àwòrán ẹsẹ̀ náà, àwọn á fi ránṣẹ́ sókè òkun, wọ́n á sì ṣe ohun èlò tó bá ẹsẹ̀ Màmá nìkan mu, bí ìgbà tí télọ̀ bá wọn èèyàn kó tó rán aṣọ. Owó rẹ̀ fi dáadáa ju ti èkejì lọ. Èkejì, nílé ìwòsàn ìjọba, ní èyí tí gbogbo èèyàn ń lò lòun máa lò, kò sì sí ohun tó ṣe é.

Àwa ọmọ la ń dá owó náà. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Kánádà ní ká mú èyí tó wọ́n, pé ìyá kan ṣoṣo la ní. Àbúrò mi ní tá a bá ná gbogbo owó sórí iṣẹ́ abẹ, kí la máa fi tọ́jú wọn lẹ́yìn rẹ̀? Màmá fúnra wọn ò bá wa dá sí ìyẹn. Ohun tí wọ́n ń bi wá ni pé ṣé àwọn á tún lè kúnlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ kó là mí lóye.

Nọ́ọ̀sì Tíátà

Ẹ kú ìtọ́jú Màmá, Olúwa á fún wọn lálàáfíà. Tíátà eegun ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ó ti pẹ́. Ohun tí dókítà àkọ́kọ́ sọ yẹn lè jẹ́ ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́rin, owó wọn ò dọ́gba, iṣẹ́ wọn ò sì dọ́gba. Ẹ má tíì fọwọ́ sí nǹkan kan títí ẹ ó fi mọ èyí tó jẹ́.

Ó lè jẹ́ pé irin tí wọ́n máa fi sí Màmá lẹ́sẹ̀ ò yàtọ̀ rárá sí ti gbogbo èèyàn, búlọ́ọ̀kù tó ń darí ayùn nìkan ni wọ́n á ṣe fún wọn. Èyí ló wọ́pọ̀ jù. Wọ́n á fi ẹ̀rọ MRI tàbí CT ya àwòrán inú ẹsẹ̀, iléeṣẹ́ á gbé eegun itan àti eegun ojúgun yọ lórí kọ̀ǹpútà, dókítà á yẹ ibi tí wọ́n fẹ́ gé wò, á fọwọ́ sí i, wọ́n á wá tẹ búlọ́ọ̀kù náà jáde. Iléeṣẹ́ Materialise ní Leuven, nílẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, wà lára àwọn tó ń ṣe é. Mo ti mú un lọ́wọ́ dáadáa: rọ́bà funfun líle ni, ó fúyẹ́, wọ́n tẹ àmì aláìsàn sí i lára, inú rẹ̀ sì rí gẹ́lẹ́ bí orí eegun ẹni náà ṣe rí, tòun ti gegele àti kòtò rẹ̀. Tó bá ti jókòó síbi tó yẹ, kì í mì mọ́. Tó bá ń mì, kò tíì jókòó nìyẹn, dókítà tó bá sì gé eegun lórí rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti ba iṣẹ́ jẹ́.

Nǹkan kékeré ló lè gbé e kúrò lójú ìlà. CT kì í rí eegun rírọ̀ tó bo orí eegun, torí náà tó bá jẹ́ CT ni wọ́n fi ṣe é, dókítà gbọ́dọ̀ ha ìyẹn kúrò níbi tí búlọ́ọ̀kù máa ti fara kan eegun. Bákan náà ni àwọn eegun ṣóńṣó tó máa ń hù sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún tó ti bàjẹ́. Nínú iṣẹ́ abẹ tá a mọ̀, a máa ń kọ́kọ́ gé wọn dànù. Níbi tí búlọ́ọ̀kù bá ti máa jókòó lé wọn, a ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n ṣáájú, torí wọ́n wà nínú àwòrán tí wọ́n fi ṣe é. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn lára láti gé wọn lè gbàgbé.

Ó tún lè jẹ́ pé irin fúnra rẹ̀ ni wọ́n á rọ fún Màmá. Iléeṣẹ́ Conformis ní Massachusetts, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ló gbajúmọ̀ jù nídìí èyí, kí iléeṣẹ́ restor3d tó rà á ní 2023. Tàbí kó jẹ́ róbọ́ọ̀tì ló ń sọ, bíi Mako tàbí ROSA. Róbọ́ọ̀tì kì í dá iṣẹ́ abẹ ṣe o: nínú ti Mako, dókítà ló di ayùn mú, ẹ̀rọ kàn ń dá a dúró kó má bàa kọjá ibi tí wọ́n ti fà láàlà sí ni. Ẹ̀kẹrin ò ní ohun èlò tirẹ̀ kan, ọ̀nà tí dókítà ń gbà to ẹsẹ̀ ni. Dípò kó sọ ẹsẹ̀ gbogbo èèyàn di gbọnrangandan, á tọ bí ẹsẹ̀ ẹni náà ṣe rí kó tó ṣàìsàn.

Ẹ má sì rò pé àfojúdá ni ti gbogbogbòò. Dókítà á lu ihò kékeré sí ìsàlẹ̀ eegun itan, á ti ọ̀pá irin gígùn bọ ihò mùdùnmúdùn lọ sókè, orí ọ̀pá yìí ló máa gbé atọ́nà ayùn kọ́. Ti eegun ojúgun, ọ̀pá mìíràn ni wọ́n máa ń dè mọ́ ẹsẹ̀ níta títí dé ọrùn ẹsẹ̀. Irin wà ní oríṣiríṣi sáìsì, rọ́bà tó wà láàárín irin méjèèjì náà sì ní oríṣiríṣi ìpọn. Wọ́n á dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ká ẹsẹ̀, wọ́n á nà án, títí iṣan ọ̀tún àti tòsì á fi fà dọ́gba, kí wọ́n tó po sìmẹ́ǹtì tó ń lẹ irin mọ́ eegun. Fífà iṣan dọ́gba yẹn ni ẹ̀mí iṣẹ́ náà. Kò sí búlọ́ọ̀kù tó lè bá dókítà ṣe é.

Ẹ padà lọ bi wọ́n, kẹ́ ẹ wá sọ ohun tí wọ́n bá wí fún wa. Ẹ tún bi Màmá bóyá eegun itan wọn ti ṣẹ́ rí.

Ìyá Ìbejì, Peckham

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé, NHS, ètò ìwòsàn ìjọba níbí, ló ṣe orúnkún mi, èyí tí gbogbo èèyàn ń lò náà ni. Mo ń rìn lọ sọ́jà, mo ń gun bọ́ọ̀sì, mo dúpẹ́.

Ohun tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ nígbà yẹn ni àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní National Joint Registry. Láti 2003 ni wọ́n ti ń kọ orúnkún àti ìgbáròkó tí wọ́n bá pààrọ̀ níbí sílẹ̀, irú irin tí wọ́n lò, àti bóyá wọ́n tún un ṣe. Àwọn olùṣèwádìí kan sì kó àkọsílẹ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́ láti Ọsirélíà àti Finland pọ̀, ó jáde nínú The Lancet ní 2019: nínú 100 orúnkún tí wọ́n pààrọ̀ pátápátá, nǹkan bí 82 ṣì wà lẹ́sẹ̀ oní nǹkan lẹ́yìn ọdún 25. Ẹ rántí pé àwọn orúnkún tó ti lo ọdún 25 yẹn, ọ̀pá inú eegun àti ojú dókítà ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Èyí tí wọ́n ń rọ fún ẹnì kan ṣoṣo ò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láyé. Fún ìyá tó ti lé ní 70, irin tí a mọ ibi tí yóò dé ni èmi máa mú.

Tí ẹnikẹ́ni bá sì ní kẹ́ ẹ gbé Màmá wá síbí wá ṣe é, ẹ ṣírò rẹ̀ dáadáa. Ẹni tí kì í gbé nílùú yìí máa san ìdá 150 nínú 100 iye tó ń ná NHS, wọ́n sì máa ń gbà á kí wọ́n tó ṣe é. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọ́n máa ń gba èèyàn níyànjú pé kó má wọ ọkọ̀ òfuurufú ọ̀nà jíjìn fún bí oṣù mẹ́ta, nítorí ẹ̀jẹ̀ dídì. Ta ló máa gbà wọ́n sílé fún gbogbo àkókò yẹn?

Ọmọ Ẹ̀gbá, Abẹ́òkúta

Ẹ ṣeun gan-an. Nọ́ọ̀sì, mo ti pe ilé ìwòsàn náà. Búlọ́ọ̀kù ni o. Mo bi wọ́n léèrè tààrà pé ṣé irin tó máa wà lẹ́sẹ̀ ìyá mi yàtọ̀ sí ti ẹlòmíì, wọ́n ní rárá, irin kan náà ni, sáìsì ni wọ́n á mú. Ẹnu yà mí, nítorí ohun tí gbogbo wa nílé gbà sọ́kàn ni pé wọ́n máa rọ orúnkún tuntun fún Màmá. Màmá ò ṣẹ́ nítan rí. Wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà o, oògùn ni wọ́n ń lò sí i.

Dókítà Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ àánú, ẹ̀yin ọmọ rere. Iṣẹ́ eegun ni mò ń ṣe. Mi ò rí Màmá, torí náà mi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ ṣe báyìí tàbí báyẹn. Ohun tí ìwádìí sọ ni mo fẹ́ gbé síwájú yín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ìdí tí àwọn èèyàn fi ń wá nǹkan tuntun. Nínú èèyàn márùn-ún tí wọ́n bá pààrọ̀ orúnkún fún, nǹkan bí ẹnì kan máa ń sọ pé kò tẹ́ òun lọ́rùn tó bóun ṣe rò. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Àwọn kan wá rò ó pé bóyá torí pé ìlà ẹsẹ̀ ò gún ni. Ìlànà àtijọ́ ni pé kí ẹsẹ̀ wà lójú ìlà tààrà láti ìgbáròkó dé ọrùn ẹsẹ̀, kó má ṣe yà ju dìgírì 3 lọ sọ́tùn-ún tàbí sósì. Wọ́n ṣe búlọ́ọ̀kù kí àwọn tó ń yà kọjá ìyẹn lè dín kù.

Wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù àti ti gbogbogbòò wé ara wọn lọ́pọ̀ ìgbà, tí wọ́n ń pín aláìsàn sọ́tùn-ún sósì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yan èyí tó wù ú. Nígbà tí wọ́n kó èsì wọn pọ̀, ti ìlà ẹsẹ̀ ò lọ sápá kan: ìwádìí kan á ní ó gún díẹ̀ sí i, òmíràn á ní kò síyàtọ̀. Iṣẹ́ abẹ máa ń yá ní ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń dànù lè dín díẹ̀, àpótí ohun èlò tí wọ́n ń kó wọ tíátà sì máa ń kéré sí i, èyí tó wúlò fún ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n tó bá kan ìrora, ìrìn, àti bí orúnkún ṣe ń ká, tí wọ́n bá bi aláìsàn lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, ìyàtọ̀ gidi ò sí. Róbọ́ọ̀tì máa ń gé eegun síbi tí wọ́n pinnu ju ọwọ́ lásán lọ, ìyẹn dájú. Pé èèyàn á tìtorí ẹ̀ rìn dáadáa jù, ẹ̀rí ìyẹn ò tíì lágbára.

Ọ̀rọ̀ ìlà ẹsẹ̀ yẹn gan-an ti yí padà. Ní 2012, Bellemans àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bẹ́ljíọ̀mù wọn ẹsẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ tí nǹkan kan ò ṣe. Nínú 100 ọkùnrin, 32 ni ẹsẹ̀ wọn tẹ̀ síta ní dìgírì 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú 100 obìnrin, 17. Bí Ọlọ́run ṣe dá wọn nìyẹn. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà kan ò fi fẹ́ máa na ẹsẹ̀ gbogbo èèyàn tààrà mọ́. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìtọ́jú tó bá ẹnì kọ̀ọ̀kan mu ti máa jáde lọ́jọ́ iwájú, a sì lè fi ohun èlò tó wà nílẹ̀ ṣe é láìsan kọ́bọ̀ lé e.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí orúkọ tó dùn létí gbé yín lọ. Ní 2006, iléeṣẹ́ Zimmer gbé orúnkún kan jáde tí wọ́n ní ti obìnrin ni, pé eegun obìnrin tín-ín-rín ju ti ọkùnrin lọ. Òótọ́ ni pé ó tín-ín-rín. Nígbà tí wọ́n wá fi wé èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀, àwọn obìnrin tó gbà á ò rìn dáadáa ju àwọn tí ò gbà á lọ. Láàárín 2006 sí 2009, iléeṣẹ́ OtisMed ta búlọ́ọ̀kù àdáni tó lé ní 18,000 nílẹ̀ Amẹ́ríkà láìgbàṣẹ FDA, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn àti ohun èlò ìwòsàn níbẹ̀, kódà ó tún kó òmíràn ránṣẹ́ lẹ́yìn tí FDA ti kọ̀ fún un. Ní 2014 ó gbà nílé ẹjọ́ pé òun jẹ̀bi, owó tó san sì lé ní mílíọ̀nù 80 dọ́là. Ní 2013, wọ́n dá búlọ́ọ̀kù ShapeMatch ti iléeṣẹ́ Stryker padà nítorí àṣìṣe nínú sọ́fítíwíà, FDA sì fi ìyẹn sí ìpele tó léwu jù. Kọ̀ǹpútà náà ń ṣàṣìṣe, aláìsàn ò sì lè mọ̀. Dókítà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè fi ojú àti ọwọ́ yẹ ohun tí búlọ́ọ̀kù sọ wò kó tó tan ayùn.

Ẹ tún bi wọ́n bóyá apá kan orúnkún Màmá nìkan ló bàjẹ́. Tó bá jẹ́ apá inú nìkan, tí iṣan àárín orúnkún ṣì wà pérépéré, wọ́n lè pààrọ̀ apá yẹn nìkan. Ìwádìí TOPKAT ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 2019, fi hàn pé lẹ́yìn ọdún márùn-ún èyí náà ṣe dáadáa bíi ti odidi, owó rẹ̀ sì dín kù. Irú ìbéèrè yẹn lè yí ìgbésí ayé Màmá padà ju búlọ́ọ̀kù lọ.

Alàgbà, Maryland

Mo kí gbogbo yín. Mo ní méjèèjì lára. Ẹsẹ̀ òsì mi, irin tí wọ́n rọ fún mi nìkan ni, wọ́n ya CT, mo sì dúró ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó tó dé. Ẹsẹ̀ ọ̀tún, tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà, irin tó wà nílẹ̀ ni wọ́n lò, torí pé dókítà tí wọ́n gbé mi fún nígbà yẹn kì í lo èyí tí wọ́n ń rọ.

Ọ̀tún ló ń ká jù. Mi ò ní tìtorí ìyẹn sọ pé irin rẹ̀ ló dáa jù. Nígbà tí wọ́n ṣe ti òsì, ìrora dẹ́rù bà mí, mi ò ṣe eré ìdárayá tí wọ́n fún mi bó ṣe yẹ. Ti ọ̀tún, ìyàwó mi dúró tì mí láàárọ̀ lálẹ́. Inú mi dùn sí méjèèjì, ṣùgbọ́n ká ní àpò ara mi ni mo ti san owó tí wọ́n fi rọ ti òsì ni, ì bá dùn mí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ẹ jẹ́ kí n sọ apá kejì, kó má bàa dà bíi pé ìfowóṣòfò ni gbogbo rẹ̀. Bàbá mi jìjàǹbá ọkọ̀ nígbà kan, eegun itan wọn ṣẹ́, wọ́n fi ọ̀pá irin sí i nínú, eegun náà ò sì so pọ̀ tààrà. Nígbà tí orúnkún ẹsẹ̀ yẹn wá bàjẹ́, ọ̀pá tí Nọ́ọ̀sì sọ pé wọ́n ń tì bọ ihò mùdùnmúdùn ò ríbi gbà. Kí wọ́n tún la itan, kí wọ́n yọ irin àtijọ́, kí wọ́n dúró kó san, kí wọ́n tó wá ṣe orúnkún? Bàbá ti dàgbà. Búlọ́ọ̀kù àdáni ló yọ wọ́n, torí ó jókòó sórí eegun níwájú, kò nílò ihò inú. CT ni wọ́n lò, torí MRI ò ríran dáadáa nítòsí irin.

Torí náà, ẹni tí eegun itan rẹ̀ bá ti ṣẹ́ rí, tó ní irin nínú, tàbí tí eegun rẹ̀ wọ́ láti kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi dókítà nípa búlọ́ọ̀kù tàbí kọ̀ǹpútà. Fún irú wọn, owó náà tọ́ sí i. Ẹ kàn jẹ́ kí wọ́n bá yín ṣe àdéhùn ọjọ́ tó máa dé, torí ti wa pẹ́ lójú ọ̀nà, orúnkún tó ti bàjẹ́ kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Àwòrán tó bá ti pẹ́ jù, búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi ṣe lè má bá eegun mu mọ́.

Onífísíò

Iṣẹ́ tèmi ni láti fi eré ìdárayá mú ẹsẹ̀ padà bọ̀ sípò. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín, mo sì ń wò ó pé kò sẹ́ni tó tíì dá Màmá lóhùn. Wọ́n ní ṣé àwọn á tún lè kúnlẹ̀.

Èsì mi nìyí, ẹ sọ ọ́ fún wọn kí wọ́n tó wọ tíátà: wọ́n lè kúnlẹ̀ sórí tìmùtìmù lẹ́yìn tí ojú abẹ bá ti jinná dáadáa, tí dókítà sì ti fún wọn láyè. Irin náà ò ní fọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló máa ń sọ pé kò rọrùn, torí awọ ara ní ìhà òde orúnkún máa ń kú tipiri, èèyàn ò ní mọ̀ pé ilẹ̀ lòún fi kàn. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ torí pé iṣan ìmọ̀lára kékeré kan máa ń gé níbi tí wọ́n ti la á. Kí èèyàn kúnlẹ̀ kó wá jókòó lé gìgísẹ̀, ìyẹn ni ọ̀pọ̀ ò ní lè ṣe mọ́. Orúnkún onírin sábà máa ń ká dé dìgírì 110 tàbí 120. Èyí tí wọ́n rọ, èyí tí wọ́n rà nílẹ̀, èyí tí róbọ́ọ̀tì ṣe, mi ò tíì rí èyí tó ń fi dandan fún èèyàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹsẹ̀ ṣe ń ká kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ ló ń sọ púpọ̀ nínú bó ṣe máa ká lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí Màmá dúró títí orúnkún á fi gan pátápátá.

Ibi tó yẹ kí owó lọ nìyí. Láti ìsinsìnyí, kí wọ́n máa fún iṣan iwájú itan lókun: kí wọ́n jókòó sórí àga, kí wọ́n na ẹsẹ̀ síwájú, kí wọ́n fún itan pọ̀, kí wọ́n kà á díẹ̀, kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọjọ́ yẹn gan-an tàbí ọjọ́ kejì la máa ń gbé wọn dìde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ ni ìjà gidi. Ohun tí mo máa ń rí ni pé ìdílé á ná gbogbo ohun tí wọ́n ní sórí iṣẹ́ abẹ, wọ́n á wá sọ pé kí Màmá sinmi, ọmọ kan á máa gbé oúnjẹ bá wọn lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á ki ìrọ̀rí bọ abẹ́ orúnkún torí pé ó tù wọ́n lára. Ìrọ̀rí yẹn ló ń mú kí ẹsẹ̀ gan ní kíká, tí kò ní nà mọ́. Abẹ́ gìgísẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kí orúnkún lè nà. Tí kò bá tíì ká dé dìgírì 90 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà kíá.

Àbúrò yín tó béèrè ohun tẹ́ ẹ máa fi tọ́jú wọn, ìbéèrè rẹ̀ ló gbọ́n jù nínú ilé.

Alhaja, Ìlọrin

Àsàlámù aláékúmù. Mo ti ṣe tèmi, orúnkún òsì, ti gbogbogbòò. Orí àga ni mo ti ń kírun, Ọlọ́run ò fi ni wá sínú ìnira. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé orúnkún yẹn máa gbóná, á máa wú, fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé ó ti bàjẹ́. Wọ́n ní bó ṣe ń rí nìyẹn, bí kò bá ti sí ibà, tí omi tàbí ọyún ò sì jáde lójú abẹ.

Ẹ bi dókítà pé mélòó ló ń ṣe lọ́dún. Mo bi tèmi, kò bínú. Èyí tó bá bínú, ẹ máa lọ.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Abẹ́òkúta

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ka ọ̀rọ̀ Onífísíò fún Màmá lórí fóònù, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní bó bá ti jẹ́ orí tìmùtìmù náà, ó ti tó. Dókítà ìjọba la fẹ́ lò. Mo ti bi í, ó ní kì í lọ oṣù kan kóun má ṣe orúnkún. Ẹ̀gbọ́n mi ní Kánádà ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ, ó ní kí owó tóun fẹ́ fi kún un di ti onífísíò tó máa wá sílé. Ó ku ti ìtọ̀ ṣúgà wọn. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn nílé náà, ìlòṣó ni.

Nọ́ọ̀sì Tíátà

Ẹ kú oríire ìpinnu. Ti ṣúgà: ẹ ní kí wọ́n yẹ èyí tó ń sọ bó ṣe rí láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn wò, HbA1c ni wọ́n ń pè é. Tó bá ga ju nǹkan bíi 8 lọ, ọ̀pọ̀ dókítà máa ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú un wálẹ̀, ẹ má bínú sí wọn. Ohun tí a ń bẹ̀rù jù nínú orúnkún onírin ni kí kòkòrò wọ̀ ọ́, torí tó bá wọ̀ ọ́, ó lè di pé ká yọ irin náà. Ẹ wo ẹnu wọn pẹ̀lú: eyín tó ti jẹrà, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ ṣáájú. Tí eéwo tàbí egbò bá wà níbikíbi lára ẹsẹ̀ náà, títí kan àárín ọmọ ìka, ẹ sọ fún dókítà, kódà bó jẹ́ àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ni. Ẹ bi wọ́n nípa tranexamic acid, oògùn tó ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń dànù kù ni, owó rẹ̀ ò pọ̀, ó sì lè jẹ́ kí Màmá má nílò kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí wọn lára.

Onífísíò

Ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọn ò gbọ́dọ̀ lòṣó lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Káfíńtà lè kan àga onígi tí àárín rẹ̀ ṣí, kẹ́ ẹ gbé e lé orí ihò, kó ní ibi ìfọwọ́tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ẹ kàn án kí wọ́n tó wọ ilé ìwòsàn, kí Màmá ti fi ṣe ìdánwò. Kí káfíńtà fi téèpù wọn wọ́n láti ilẹ̀ dé ẹ̀yìn orúnkún nígbà tí wọ́n bá wọ bàtà, kó sì jẹ́ kí àga náà fi díẹ̀ ga ju ìyẹn lọ.